Obìnrin Tí Kò Sunkún Nínú Ìwé

"Ẹkùn kọ́, ọmọ mi. Ẹkún ni."

Màmá kò gbé ojú kúrò lára àwo ẹ̀wà tó wà lórí itan rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń rìn láàrin ẹ̀wà, ó ń wá òkúta, bó bá sì ti rí ọ̀kan, á jù ú sínú agolo mílíìkì tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀: kín-ín! "O ní àwọn ará ilé gbọ́ ẹkùn láti ẹ̀yìnkùlé. Kí ni ẹkùn ń wá ní ẹ̀yìnkùlé? Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì. "Ó yá, tún un kà. Gbé ohùn sókè níbi tí wọ́n ti gbé e sókè. Ohùn rẹ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi títì ọlọ́dà."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Parkchester ní New York là ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé bíríkì pupa tó jọra débi pé àlejò máa ń kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ilẹ̀kùn Màmá kọjú sí tiwa gan-an. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì mi, kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́, nítorí náà bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ Màmá ni mò ń lọ. Kò bá wa tan. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní Manhattan, ló mú un wá láti Ìbàdàn, gbogbo ọmọ Yorùbá inú ilé náà sì ń pè é ní Màmá bí ẹni pé kò ní orúkọ mìíràn.

Pálọ̀ rẹ̀ máa ń gbóná ju tiwa lọ. Irin tó ń mú ilé móoru á máa súfèé lábẹ́ fèrèsé, òórùn róòbù àti ti dòdò á sì dàpọ̀ mọ́ òórùn kámfọ̀ tó ń ti inú ìwé náà jáde. Ìwé ìtàn àtijọ́ ni, ọ̀kan lára èyí tí àwọn òbí wa kà nílé-ìwé, ìtàn ìyàwó àgbẹ̀ kan tó pẹ́ gan-an kó tó rí ọmọbìnrin kan bí. Èèpo ìwé náà ti ya kúrò, Màmá sì ti fi òwú dúdú rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Ìbàdàn títí irun rẹ̀ fi funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé New York, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó lè rí ìrísí ènìyàn, kò lè rí lẹ́tà. Èmi ni mo di ojú tó fi ń kàwé.

Kí n má parọ́, n kò fẹ́ràn ìwé náà bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀rín Màmá. Àwọn gbólóhùn rẹ̀ gùn, ẹnu mi kò sì gbà wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a dé orí kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ara ọmọ náà ti ń gbóná. Mo yọjú wo iwájú, mo rí i pé orí náà kò ní tètè tán, kàtúùnù mi sì máa bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin. Mo ṣí ewé mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí tó tẹ̀ lé e, níbi tí òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ sórí oko. Ìka Màmá dúró nínú ẹ̀wà. Mo ń retí ìbáwí. Nígbà tó ṣe, ìka rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo sì rò pé mo ti tàn án jẹ.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ ìwé náà di eré tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà. Bọ̀dá kan tó ń wa tákísì, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa, ló gbé ìròyìn náà wá. Ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé e sí, apá kan lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ó fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n Màmá. Àǹtí kan láti àjà kẹta, nọ́ọ̀sì bíi Mọ́mì mi, gba ṣọ́ọ̀ṣì wá tààrà pẹ̀lú gèlè lórí. Mọ́mì náà máa ń wá bí kò bá lọ síbi iṣẹ́.

Ariwo wọn ju ti eré lọ.

"Ẹ wo ọmọ yìí o!" Àǹtí á ní. "Ìyàwó àgbẹ̀ ló lẹ irun mọ́ ìpéǹpéjú báyìí?"

"Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀, ó rẹwà," Bọ̀dá á dáhùn. "Ṣé ẹ ò rí ilé tí wọ́n kọ́ ni? Amọ̀ gidi!"

"Amọ̀ gidi kẹ̀? Símẹ́ńtì tí wọ́n kùn!"

Màmá á na ọwọ́ wá mi. "Ọmọ mi, kí ló wọ̀?" Èmi á sọ fún un: ìró aláró, ìlẹ̀kẹ̀ pupa lọ́rùn. Á mi orí. "Kò ní ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Ó ti tà á láti orí kejì."

Gbogbo wọn á yíjú sí i. "Lóòótọ́, Màmá? Kí ló mú un tà á?" Bọ̀dá á dá eré dúró, Màmá á gbé ara sókè nínú àga, á sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà tó ti dé New York, wọ́n ń kí i, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó mọ̀. Ní àwọn Sọ́ńdè wọ̀nyẹn, ó tún padà di tíṣà. Láti òwúrọ̀ ni yóò ti kun pọ́dà, á so gèlè, á ní kí n wò ó bóyá ó dúró.

Ní Sọ́ńdè kẹrin, ọmọ inú ìtàn náà kú.

Èmi tí mò ń ka ìwé náà, n kò mọ̀ pé yóò kú. Mo figbe ta. Lórí tẹlifíṣọ̀n, òṣèré tó ṣe ìyá ọmọ náà ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń yí nínú erùpẹ̀, ó ń ké, orin ọ̀fọ̀ sì ń lọ lábẹ́ ohùn rẹ̀. Àǹtí ti yọ áńkáṣíìfù. Bọ̀dá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún bí ẹni pé eruku ló kó sí i.

"Ọmọ yìí mọ eré ṣe o," Àǹtí wí. "Háà, ó mọ̀ ọ́n ṣe!"

"Ta ló ń ké yẹn?" Màmá béèrè.

"Ìyá ọmọ náà ni, Màmá."

"Irọ́ ni." Ó tẹ apá àga, ó dìde dúró. "Ẹ pa á. Kò sunkún. Kò sunkún rárá nínú ìwé!"

Bọ̀dá dá eré dúró. Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. "Màmá, tẹlifíṣọ̀n ni. Bí kò bá sunkún, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó dùn ún?"

Màmá yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. "Ohun tí ìyá ọkọ mi náà bi mí nìyẹn," ó wí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ó wá sọ fún mi pé, "Gbé ìwé wá. Kà á fún wọn."

Mo ṣí orí tí mo fò. Mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́, mo kọsẹ̀. Mo ka ìkejì, mo tún kọsẹ̀. Mọ́mì, tí kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ń wò mí. "Ṣé o ò tíì ka ibí yìí fún Màmá ni?"

"Ó fò ó," Màmá dáhùn. "Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà."

Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Torí kàtúùnù ni."

"Jókòó."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orí náà lórí ìdúró, láìsí ìwé lọ́wọ́. Ó ní obìnrin náà dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí ọmọ kú sí, ó gbé àwo tí ọmọ fi jẹun kẹ́yìn, ó fọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ síbi tó máa ń wà. Ó gbálẹ̀. Ó gbé omi fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn, ó ń kí wọn kú ìrìn. Ní ọjọ́ kẹta ó lọ sódò, ó pọnmi kún ìkòkò ńlá, ó rù ú sórí, ó sì gbé ìkòkò kékeré tí ọmọ máa ń rù dání, kò mọ̀ pé òun gbé e títí ó fi délé tí kò rí ẹni tó máa gbà á.

Ohùn Màmá kò gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí àyè rẹ̀, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní 6 kọjá níta, kò sẹ́ni tó mira.

"Mo bí ọmọbìnrin kan kí n tó bí èyí tó mú mi wá síbí," ó wí nígbà tó parí. "Ọmọ ọdún méje. Ibà ni, ọjọ́ mẹ́ta péré. Mo wá ẹkún, mi ò rí i sun. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ń kọ̀wé sójú pátákó. Ìyá ọkọ mi ní bí mo bá fẹ́ràn ọmọ náà, ṣé mi ò ní sunkún ni? Wọ́n ní ọwọ́ mi ò mọ́. Wọ́n sọ ọ́ káàkiri agbo ilé. Ìwé yìí nìkan ló gbè mí. Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀ mí, àmọ́ ó mọ̀ pé irú mi wà. Ẹlẹ́rìí mi ni obìnrin yẹn. Wọ́n wá fi ẹkún sí i lẹ́nu."

Bọ̀dá kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Màmá, ẹ má bínú. A ò mọ̀ ni." Àǹtí ti kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mọ́mì mi kọjú sí ògiri.

"Ẹ dìde, ẹ dìde," Màmá wí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe eré." Ó gbọ́ ẹkún mi, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i. "Ìwọ náà, má sunkún mọ́. Èmi náà máa ń fò ó. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, bí a bá débẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n lọ kà á nílé. Òní ni ẹnu mi kọ́kọ́ sọ ọ́ síta."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní wá mọ́. Wọ́n wá. Bọ̀dá so wáyà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tan eré. "Màmá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́kọ́ ka tòní fún wa ná, ká lè mọ ibi tí wọ́n bá ti parọ́." Màmá rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ la sì ṣe títí eré náà fi parí: mo máa kà, Màmá á tún ohùn mi ṣe níwájú gbogbo wọn, lẹ́yìn náà la ó tó máa wò, la ó tó máa jiyàn. Láàrin ọ̀sẹ̀ mo máa ń dá ka orí tó ń bọ̀ nínú balùwẹ̀, kí ojú má bàa tì mí. N kò fo ewé kankan mọ́.

Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú pátápátá, ó ní òun fẹ́ padà sílé, níbi tí ẹsẹ̀ òun ti mọ ọ̀nà láìlo ojú. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ sínú tákísì Bọ̀dá, mo dúró ti báàgì rẹ̀, ó dá mi lójú pé yóò fún mi ní ìwé náà.

"Mo mọ ohun tí ò ń wò," ó wí. "Mi ò lè fún ọ. Ilé ọkọ mi ni mò ń padà sí. Mi ò lè wọ ibẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí mi."

Ó dùn mí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi bínú sí i, bí ọmọdé ṣe ń bínú. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó lọ tí Mọ́mì gba fóònù ní kíṣíìnì, tó wá jókòó tì mí, tó ní Màmá ti dágbére fáyé.

Co-op City, tí kò jìnnà sí Parkchester, ni mò ń gbé báyìí, èmi àti ọkọ mi. Láìpẹ́ yìí, àwọn mìíràn tún sọ ìwé náà di eré, òṣèré tuntun, owó tuntun. Orí fóònù ni àwọn ènìyàn ti ń jà báyìí: ẹni tó ń yìn ín ń yìn ín, ẹni tó ń bú u ń bú u, wọn ò sì mọra wọn rí. Èmi àti ọkọ mi wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ṣe é dáadáa?" Ọmọ tó ṣe obìnrin náà gbìyànjú, kò sí àṣìṣe tí mo lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni obìnrin náà ní lọ́kàn mi, ojú ìyá arúgbó kan tó dúró láàrin pálọ̀ ní Parkchester pẹ̀lú pọ́dà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi ṣe é, òun ni mò ń wá, títí eré á fi parí.