Ẹ̀rín Tí Bàbá Aránkọ̀ Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣèpàdé ní Alief, ní Houston, ló ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ náà ni Sátidé kejì nínú oṣù Kẹta ọdún yìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì, nínú pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Sálúbàtà olóògbé wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn tó wá bá ìyàwó rẹ̀ kẹ́dùn, mo sì ń sọ̀rọ̀ sókè pé, "Ọ̀lẹ paraku! Ó mọ̀ pé ọ̀la ni a fẹ́ kó ẹrù ilé mi, ló ṣe sá lọ sábẹ́ ilẹ̀!" Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rí, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí wọ́n ti pè wọ́n láti ọsibítù. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà já lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó ya ògiri. Ibẹ̀ ni alága ti di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má disgrace wa níbí. Ṣé ara yín dá?" Ó wá yíjú sí ọmọ náà. "Ìwọ náà! Bàbá ẹ ló kú, ò ń rẹ́rìn-ín? Ojú ò tì ẹ́?"

Ẹnu ọmọ náà pa dé. Mo rí i bí ó ṣe pa dé.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti ní kí n má yọjú sí ilé náà mọ́. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé lọ́jọ́ fídáù. Ìyàwó olóògbé, ọmọ Ìsẹ́yìn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún wa láyè ná," kò sì gbé ìpè mi mọ́. Àdúrà ogójì ọjọ́ ń bọ̀. Alága ti kéde pé bí mo bá débẹ̀, ìta ni n ó ti padà. N kò kàwé púpọ̀. Ilé kéú àti kíláàsì díẹ̀ nílé ìwé Faransé ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, ẹnìkan ló kọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni náà fún yín kí ẹ tó gbé ẹjọ́ yìí lé ìwọ̀n.

Niamey, ní ilẹ̀ Niger, ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ilẹ̀ náà kò ní òkun. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti ibẹ̀ gbọ́dọ̀ la ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, iyanrìn ni wọ́n ń rò. Odò ni èmi ń rántí. Odò tí ó ń kọjá lọ sí Jẹ́bbà, tí àwa ń pè ní Odò Ọya, ẹ̀yìn ilé wa ló ń gbà lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ó ń ta páàtì mọ́tò nínú ìlú náà. Bàbá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni aládùúgbò wa. Ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n, ẹ̀yà Zarma. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń ṣe.

Wọn kì í gbẹ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n máa ń rán an ni. Igi ńlá ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, nítorí náà pákó kéékèèké ni wọ́n ń tò pọ̀. Wọ́n á fi irin gbígbóná lu ihò sí etí pákó, wọ́n á sì fi okùn so ó mọ́ èkejì bí ẹni ń rán aṣọ. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ohùn tó ń jí mi ni ṣìì, ṣìì, bí irin pupa náà ṣe ń wọ inú igi. Èéfín rẹ̀ á gorí ògiri amọ̀ wọ àgbàlá wa. Òórùn òrí ni yóò tẹ̀lé e, nítorí òrí ni wọ́n fi ń po òwú àràbà tí wọ́n ń kì bọ ojú ìrán náà kí omi má baà jò. Títí di òní, bí mo bá ṣí ike òrí nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Alief, etí odò ni mo máa ń bá ara mi. Mo ti dúró bẹ́ẹ̀ rí, tí ọmọ tó ń tajà bi mí pé, "Daddy, ṣé ẹ ń wá nǹkan ni?" Mo dé ike náà, mo sì dá a padà sáyè rẹ̀.

Èmi àti ọmọ bàbá la máa ń fa okùn. Èmi a wà lápá kan ọkọ̀, òun a wà lápá kejì, a ó sì máa bú ara wa.

"Fà á! Ṣé agbára ewúrẹ́ nìyẹn?"

"Ewúrẹ́ ni ìwọ. Etí ẹ ń jẹ́rìí."

Bàbá kì í bá wa wí. Wọ́n á ní, "Ẹ bú ara yín dáadáa. Okùn kì í le bí ẹ bá dákẹ́." Yorùbá wọn dùn-ún gbọ́, Yorùbá Kumasi tí Háúsá ti dà pọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Zarma máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ wá iṣẹ́ ní Gánà lẹ́yìn ìkórè. Bàbá bá wọn lọ, wọ́n ń ru ẹrù ní Kumasi, ibà sì dá wọn dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ìyá ìyá mi, tó ń ṣòwò ní ìlú náà, ló gbé wọn wọlé, ló fún wọn ní àgbo títí ara wọn fi yá. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn ará wa, tí ìyá mi sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Niamey, ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún un ni pé, "Bí o bá débẹ̀, lọ sétí odò. Béèrè ọkùnrin tó ń rán ọkọ̀." Láti ọjọ́ tí ó ti béèrè rẹ̀ ni bàbá ti ń pè é ní àbúrò wọn. Wọn kò pè é ní orúkọ mìíràn títí láé.

Odò náà ní ìwà kan tí mo ń ṣàárò rẹ̀ ju ohun gbogbo lọ. Nígbà òjò, omi pupa ló máa ń wá, tòun ti ẹrẹ̀ ilẹ̀ náà. Yóò fà. Nígbà tó bá di ọyẹ́, tí òjò ti tán tipẹ́, tí ètè gbogbo wa ti là, odò á tún kún, omi rẹ̀ á dúdú, á sì tutù. Mo bi bàbá pé òjò wo ló rọ̀.

"Òjò tí ìwọ kò rí ni," wọ́n wí. "Ilẹ̀ Guinea ló ti rọ̀. Ó gba Mali kọjá. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn bọ̀ wá bá ọ."

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dá ńlá wá. Odò fà débi pé ewúrẹ́ ń rìn níbi tí ọkọ̀ ti ń gbà. Àwọn Túárẹ́gì, àwọn darandaran aláwàní ti aṣálẹ̀ àríwá, rọ́ wọ ìlú. Màlúù àti ràkúnmí wọn ti kú tán lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn, àgbàlagbà ọkùnrin, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà bàbá. Kò tọrọ nǹkan kan. Ó kàn dúró ni, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

Bàbá gbójú sókè nídìí iṣẹ́, wọ́n pariwo mọ́ ọn ní Háúsá: "Olè! Ẹrú bàbá mi! Ṣé ràkúnmí tí ẹ jí kó nígbà náà lo wá dá padà?"

Ìyá mi wà níbẹ̀. Ó káwọ́ mọ́rí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wo ojú ebi!"

Èjìká ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo sì rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó fa láwàní kúrò lẹ́nu. "Ràkúnmí ẹ kú," ó wí. "Òórùn ẹja tó wà lára ẹ ló pa á. Gbé oúnjẹ ọ̀gá ẹ wá kíákíá, ìwọ ajọ̀pọ̀lọ́!"

Ìyàwó bàbá gbé fúrá wá, jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà. Ọkùnrin náà jókòó, ó jẹ, ó ní wàrà náà kan, ó ní kí wọ́n bu sí i. Ó jẹun bí onílé. Kò jẹun bí alágbe. Ní ìrọ̀lẹ́ ni bàbá ṣàlàyé fún wa. Láyé àtijọ́, àwọn baba ńlá wọn àti ti Túárẹ́gì jagun títí. Wọ́n ń kó ara wọn lẹ́rú, wọ́n ń kó ẹran ara wọn. Nígbà tí ogun sú wọn, wọ́n fi ìyókù rẹ̀ sí ẹnu. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á bú ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. "Bí mo bá káàánú rẹ̀," bàbá wí, "mo ti sọ ọ́ di alágbe. Ẹni tí mo ṣì lè bú, ẹgbẹ́ mi ni."

Ọkùnrin náà kò kúrò ládùúgbò mọ́. Òun ló ń gé okùn fún bàbá, ojoojúmọ́ ni ó sì ń wí pé ọkọ̀ bàbá kò yàtọ̀ sí ọpọ́n tí adìyẹ fi ń mu omi.

Ìyàwó bàbá kú nígbà ọyẹ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bàbá sì dákẹ́. Wọn kò sunkún, wọn kò jẹun, wọn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ilé kún fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹyẹ orí igi nìkan la ń gbọ́. Túárẹ́gì náà wọlé wá. Ó mú ìró olóògbé, ó ró o mọ́dìí, ó lọ jókòó sídìí ààrò, ó sì ń fi ọmọrogùn lu ìkòkò. "Ta ló rí irú obìnrin yìí? Ó gbọ́ pé mò ń bọ̀ wá jẹun, ó kú! Ẹ̀yin Zarma, ahun yín pọ̀ dé sàréè!"

Bàbá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, títí tí wọ́n fi gbá ikùn mú. Àárín ẹ̀rín náà ni ẹkún ti gbà wọlé. Gbogbo ilé sì bá wọn sunkún. Ẹni tó lu ìkòkò ló gbá wọn mọ́ra.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe èmi àti ọmọ wọn jókòó. Wọ́n ní nílẹ̀ Zarma, ọmọ tí ọkùnrin kan bí àti ọmọ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bí jẹ́ baasa ara wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti máa bú ara wọn láyé, iṣẹ́ wọn sì ni lọ́jọ́ ikú. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ nínú yín, kí èkejì má jẹ́ kí ilé rẹ̀ dákẹ́."

"Òun ló máa kọ́kọ́ lọ," ni ọmọ wọn wí. "Ẹ wo bí ó ṣe rù."

Ọmọ wọn náà ni a sin ní oṣù Kẹta. Ilé mi ló kọ́kọ́ sùn nígbà tó dé Houston. Nítorí pé ó gbọ́ Yorùbá, tó sì fẹ́ ọmọ wa, ẹgbẹ́ kà á mọ́ Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tí ó ti wá. La Porte la jọ ń lọ ṣiṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù. Láàárọ̀, nínú mọ́tò, pẹ̀lú òórùn ilé iṣẹ́ epo tó ń gba fèrèsé wọlé, á ní, "Ẹrú mi, ṣé o jí?" Èmi á ní, "Ẹrú ta ni? Bàbá ẹ fi ẹ́ ta ìyá mi lọ́rẹ, wọn ò gbà ẹ́ torí pé o jẹun jù." Bí ọkọ̀ ńlá kan bá wọlé, á mi orí. "Wò ó. Kò sí ìrán kankan lára ẹ̀. Yóò jò."

Nígbà tí bàbá kú ní Niamey, kò sí èyí tó lè lọ nínú wa. Mo lọ bá a nínú apaatimẹ́ǹtì rẹ̀, mo wọ fìlà rẹ̀, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo sì ní bàbá kú nítorí ìtìjú irú ọmọ tí wọ́n bí. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó jẹun. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò rí i. Èébú àárọ̀ nìkan ló mọ̀, ó rò pé eré lásán ni.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ro ti alága náà. Òun ló sáré wá ilẹ̀ ìsìnkú. Òun ló dúró ti opó náà títí a fi sìnkú tán. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tó bá wọ bàtà òkú, tó sì pè é ní ọ̀lẹ lójú opó, ọ̀tá ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè. Mo ní kí ẹgbẹ́ jẹ́ kí n rojọ́. Wọ́n ní ohun tí gbogbo ayé rí kò nílò àlàyé.

Ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún mi kò ju èyí lọ. N kò lè rán ọkọ̀. Èdè Zarma ti ń sá kúrò lẹ́nu mi, kò sì sí ẹni tí n ó máa sọ ọ́ sí mọ́. Mo ń wakọ̀ lọ sí La Porte lémi nìkan, ẹnikẹ́ni kò bú mi. Iṣẹ́ kan péré ni wọ́n rán mi, mo sì ṣe é dé ìdajì kí alága tó fà mí dìde nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á débí, ẹ dá ẹjọ́ náà. Bí ẹ bá ní mo jẹ̀bi, pé ó yẹ kí n ṣàlàyé fún opó náà kí n tó fi ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà ọkọ rẹ̀, n ó gbà, n ó sì dúró sílé lọ́jọ́ ogójì. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọmọ náà yàtọ̀ sí tèmi. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ sọ fún mi pé kò tíì sunkún títí di òní. Ó ń lọ sílé ìwé, ó ń bọ̀, ó ń fọ abọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ohun tó fẹ́ jáde lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ìtìjú dí. Ẹ dá mi lẹ́bi bí ó bá tọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọmọ náà láre, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè kí ó lè gbọ́ pé kò ṣẹ bàbá rẹ̀.