Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Bá Kàmáráàdì Parí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ olórin onígìtá tí mo fẹ́ràn jù wá ṣeré ní àdúgbò Banikanni ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Láti ọ̀sán ni èmi àti ìyá mi, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ti jókòó síwájú. Àwọn olórin ti gbé gìtá kọ́rùn, àmọ́ aṣojú ìjọba, kàmáráàdì bí gbogbo wa ṣe ń pe ara wa nígbà náà, ti gba ẹ̀rọ mikiró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tán. Òjò sì ti ṣú. Bó bá rọ̀, gìtá oníná kò ní ṣeé ta.

Láyé ìgbà náà, igbe kan ṣoṣo la fi ń parí ọ̀rọ̀ ìjọba: aṣojú á béèrè, èrò á dáhùn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Lójijì ìyá mi dìde, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó nà án sókè:

"Ẹ̀yin kàmáráàdì! Ṣé ẹ ti múra?"

Aṣojú nìkan ló ń ké igbe yẹn. Wọ́n á mú un!

Gbogbo èrò dìde, wọ́n dáhùn: "Ìjà ń tẹ̀síwájú!"

Aṣojú wò yíká. Ta ló tó kọ̀ láti dá igbe ìjọba lóhùn? Òun náà na ẹ̀ṣẹ́ sókè, ó jókòó. Ni gìtá bá ké! Mo jó títí bàtà mi fi já.

Nígbà tí òjò ń pa wá lọ sílé wa ní Ladjifarani, mo bi í pé: "Màámi, ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù kí ni? Ṣé mo sọ ohun tí ìjọba ò sọ ni?"