Awọ Méjìlá Málàm Jẹlani

“Ìyá, ṣé ẹ kò fẹ́ kí ìlú yìí dàgbà ni?”

Abdulmuiz ló bi mí bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìlọrin tí àwọn òyìnbó ilé-iṣẹ́ awọ gbà pé kó máa bá wọn rajà. Torí pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà wọn ni. N kò dá a lóhùn.

Ẹ̀yìn Kofar Doya, ẹnubodè kan ní ìlú yìí lókè Ọya, ni Málàm Jẹlani ti ń ṣe awọ ewúrẹ́. Ihò mẹ́rin ló gbẹ́. Á po èso igi bàgàrúwà tó korò mọ́ omi inú wọn, á rẹ awọ síbẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí osùn dé ìgbúnwọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ra awọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí mò ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣọ̀nà ilé wa ní Ọ̀yọ́. Mo máa ń sanwó ṣáájú. Òun náà á gé etí awọ tó bá ti jẹ́ tèmi, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kàn án mọ́.

Àfi bí àwọn òyìnbó ṣe dé. Tútù ni wọ́n ń fẹ́ awọ, ìlú wọn ni wọn yóò ti ṣe é. Ìlọ́po méjì owó tèmi ni wọ́n ń san. Málàm da omi ihò mẹ́ta nù, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ nítorí mi.

Mo ní, “Málàm, ẹni tó ń ra awọ yín ní tútù, kò ra iṣẹ́ ọwọ́ yín o.”

“Haba, Hajiya! Ọ̀rọ̀ yín korò ju bàgàrúwà lọ.”

Nígbà tó di ọdún kejì, Abdulmuiz ní kí àwọn oníṣẹ́ awọ kó awọ wá ná, owó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ti Málàm kò pé iye tó béèrè. Málàm fi méjìlá tèmi tí kò tíì rẹ sómi kún un, pẹ̀lú etí gígé wọn. Náírà já wálẹ̀, àwọn òyìnbó ti géètì, wọ́n bá tiwọn lọ. Owó kankan kò wá. Àwọn ihò gbẹ, wọ́n sán. Nígbà ọyẹ́, Málàm kú.

Kí wọ́n tó gbé òkú jáde nílé wọn ní Runjin Sambo, àkọ́bí rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àṣà.

“Ẹni tí bàbá wa bá jẹ ní gbèsè, kó sọ ọ́, ká san án, kó má bàa wà lọ́rùn rẹ̀ dé ọ̀run.”

Àmínà, ìyàwó Málàm, di ọwọ́ mi mú. Ó mọ̀ nípa awọ mi. Ewúrẹ́ méjì péré ló kù fún wọn.

Mo jáde síwájú àwọn ọkùnrin.

“Kò jẹ mí ní nǹkan kan. Mo ti ká awọ méjìlá kúrò lọ́rùn Jẹlani. Mo gbé e kọ́ Abdulmuiz lọ́rùn, òun nìyẹn lẹ́bàá ògiri.”

Abdulmuiz ní, “Ìyá, ẹ̀yin náà! Níwájú òkú?”

“Ìwọ lo bi mí lọ́jọ́sí bóyá n kò fẹ́ kí ìlú yìí dàgbà. Èsì rẹ nìyí.”

Wọ́n gbé òkú lọ. Láti ìgbà náà, bí Abdulmuiz bá rí mi ní àdúgbò Arkilla, ńṣe ló ń yà sí òdìkejì títì. Kó máa yà. N kò tíì yọ̀ǹda ẹyọ kan fún un nínú méjìlá náà.