Ẹ̀gbọ́n Múfú, Télọ̀ tó Fẹ́ Owó àti Òkìkí

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ní ọdún tí ogun abẹ́lé parí. Aago náà dá mi lójú nítorí pé asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde rẹ̀ tán ni. Ọjọ́ náà sì dá mi lójú nítorí pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ kí n fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Òórùn èédú tó ń jó, òórùn sítáàṣì, òórùn aṣọ tútù tí irin gbígbóná ń kọjá lórí rẹ̀: bí mo bá gbọ́ wọn níbikíbi títí di òní, àyà mi á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà inú mi á dùn. Mo ti gbìyànjú láti mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń ṣáájú ayọ̀, mi ò rí i mú.

Muṣin là ń gbé, nínú ilé tí àwọn yàrá kọjú síra wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là á já. Télọ̀ ni Bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé, ó fara kan ibi tí Bàbá Gàní, mẹkáníìkì tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Bí Bàbá bá ń rán aṣọ funfun, wọ́n á ní kí n lọ dúró láàárín kí ọ́ìlì ọkọ̀ má baà ta sí i. Màmá mi ń ta àǹkárá ní ọjà Ojúwòyè. Ìṣòro yòówù kí ènìyàn gbé wá bá wọn, èsì kan náà ni wọ́n ní: "Jẹun ná, kí o tó ronú."

Ẹ̀gbọ́n Múfú ni ọmọṣẹ́ Bàbá tó dàgbà jù. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá rẹ̀ ti mú un wá kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré. Ilé wa ló ń sùn, ọwọ́ Màmá ló ti ń jẹun, mi ò sì mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ìyá mi títí mo fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Akànṣẹ́ ni. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, á sáré dé Ìpọ̀nrí, á sáré padà. Ó so àpò kan kọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, àgékù aṣọ láti abẹ́ ẹ̀rọ Bàbá ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: léésì àwọn ìyàwó, káfítáànì àwọn alhájì, yunifọ́ọ̀mù àwa ọmọ ilé-ìwé. Gbogbo ohun tí Muṣin ń wọ̀ ló wà nínú àpò yẹn. Mo máa ń jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé láti wò ó. Ìró ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lára àpò náà rọ̀, bí ẹni ń lu tìmùtìmù, nítorí náà mo rò pé eré ni.

Lọ́dún yẹn, ó ti lu gbogbo ẹni tí wọ́n mú wá bá a nínú ìdíje àwọn tí kì í gbowó. Wọ́n ti yàn án pé kó wá sí àgọ́ ìgbáradì, kó lọ ṣojú Nàìjíríà lókè òkun. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Bàbá gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, tó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè wo aṣọ tuntun lára rẹ̀ láì wo ojú Ẹ̀gbọ́n Múfú.

Àárọ̀ Sátidé tí mo ń sọ, ó wọlé, òógùn ṣì ń ṣàn lára rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá. Ó ní òun kò ní lọ sí àgọ́ mọ́. Mánẹ́jà kan ní Surulere fẹ́ kí òun máa ja ìjà olówó, ó sì ń retí èsì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí àwọn kan nínú yín lè má rántí. Nígbà náà, ẹni tó bá ti gba owó ìjà lẹ́ẹ̀kan kò tún lè bá àwọn tó ń du àmì ẹ̀yẹ fún orílẹ̀-èdè jà mọ́. Ilẹ̀kùn yẹn ti tì nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ọdún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá kò tíì pé. Ọmọṣẹ́ tó bá lọ láì gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, sísá ló sá. Ojú á ti ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì ní sí àdúrà ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá kù sọ́wọ́ Bàbá mi: ṣé wọ́n á dá a sílẹ̀, àbí wọn ò ní dá a sílẹ̀?

Bàbá ní kó dìde, kó lọ wẹ̀.

Kí oòrùn tó mú, gbogbo ilé ti gbọ́. Bàbá Gàní jáde láti abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe, ọ́ìlì dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọkùnrin kan fi apá àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun, wọn ò béèrè pé èló. Ẹni tí orílẹ̀-èdè wá fẹ̀sọ̀ pè pé kó wá wọ aṣọ òun, owó ló ń wá. "Àgbò ni wọ́n máa ń fowó lé lórí kó tó kàn," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sí Ẹ̀gbọ́n Múfú. "Àbúrò, tí o bá jà tán, ṣé koríko ni wọ́n á fún ẹ ni, àbí èèpo iṣu?" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi rí ojú rẹ̀.

Màmá gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó jẹun ná.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Bàbá pè é sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni jáde, nítorí náà gbogbo wa dúró: Màmá lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Gàní lórí táyà kan, èmi lábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Bàbá bi í pé kí ló fẹ́ fi owó ṣe.

Ẹ̀yin náà mọ èsì tó yẹ. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Bàbá tilẹ̀ fi í sí i lẹ́nu: "Ṣé nítorí ìyá rẹ ni?" Ká ní ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Gàní pàápàá kò ní rí nǹkan wí mọ́.

"Rárá, Ọ̀gá," ni Ẹ̀gbọ́n Múfú wí. "Màá tọ́jú ìyá mi, àmọ́ n ò lè fi wọ́n bojú. Èmi gan-an ni mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ní owó. Mo sì fẹ́ kí àwọn tí n ò mọ̀ rí máa pe orúkọ mi."

Nílé wa, a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá fẹ́ bàtà tuntun, màá ní tíṣà mi ló ní ká rà á. Bí Màmá bá fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n á ní ẹgbẹ́ ọjà ló ń fipá mú àwọn. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ nǹkan kan fún ara rẹ̀ lójú gbangba. Èyí wá dúró síbẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó sì sọ ọ́ jáde. Mo rò pé òrùlé á wó. Kò wó.

"Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀," ni Bàbá Gàní wí fún gbogbo wa.

"Mo gbọ́," ni Bàbá dáhùn. "Bàbá Gàní, tí o bá tún ọkọ̀ ìjọba ṣe, ṣé o kì í gbowó?"

"Iṣẹ́ nìyẹn."

"Kí wá lo rò pé ó ń ṣe lábẹ́ máńgòrò láràárọ̀?"

"Orílẹ̀-èdè kì í ṣe kọ́sítọ́mà, Bàbá Sìdí," ni Bàbá Gàní wí, wọ́n fi orúkọ mi pe Bàbá.

Bàbá gbà pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, wọ́n ní ohun tí àwọn rí ni pé ọmọ náà kò purọ́ fún àwọn lọ́jọ́ tí irọ́ ì bá gbè é jù lọ.

Ọmọṣẹ́ télọ̀ kì í gba òmìnira lásán. Agbádá kan ló máa ń dá gé, tó máa ń dá rán, láì sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, kí ọ̀gá tó gbà pé ó ti mọṣẹ́. Bàbá dìde, wọ́n mú sátíìnì funfun kan jáde láti inú àpótí, wọ́n ní tirẹ̀ kì í ṣe agbádá. Aṣọ àwọ̀lékè tí akànṣẹ́ máa ń gbé wọ̀ bọ́ sójú ìjà ni kó rán, fún ara rẹ̀. Bí ó bá dáa, wọ́n á dá a sílẹ̀. Bí kò bá dáa, á parí ọdún iṣẹ́ rẹ̀, kí mánẹ́jà lọ wá ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Sátíìnì máa ń yọ̀ bí ẹja, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Múfú sì ti wú láti ìdí àpò. Á rán an, Bàbá á dijú, wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tó rán láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Tú u." Á tú u. Bàbá Gàní ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń yọjú bí ẹni tó ń wá sípánà. Lórí ẹní mi, mo gbàdúrà fún ohun méjì tó ta kora: kí aṣọ náà dáa, kó sì má dáa, kí Ẹ̀gbọ́n Múfú má baà fi wá sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé, Bàbá fi àtàǹpàkò tọ ọ́ lọ, wọ́n tọ ọ́ bọ̀, wọn ò ní kó tú u. Wọ́n bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn ara wọn, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, gbogbo ilé ń ṣe àmín. "Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí o fẹ́ pa ọ́," ni Bàbá fi parí àdúrà náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ó jà ní gbọ̀ngàn kan ní Yaba, ó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó iwájú ránṣẹ́ sílé. Bàbá ní àwọn ò lè lọ jókòó máa wo ẹni tó ń lu ọmọ àwọn. Bàbá Gàní ló mú mi lọ. Wọ́n ní kí gbogbo ilé gbọ́ o, kì í ṣe ìjà ni àwọn ń lọ wò, ọmọ ni àwọn ń sìn lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín. Iná kan ṣoṣo tàn sójú ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n Múfú sì jáde nínú sátíìnì yẹn, tó ń dán bí ẹni pé omi ló dà bora. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń pe Múfú, Múfú, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ bàtà mi. Mo mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti tú aṣọ náà, mo mọ ibi tí òwú ti já, síbẹ̀ ó dà bí ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò ṣe.

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìró náà ni mi ò retí. Kò rọ̀ bí ti àpò. Ó gbẹ, ó le, bí ìgbà tí pákó bá ṣẹ́, inú ara ènìyàn ló sì ti ń jáde. Òógùn rẹ̀ ta sí mi lára, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tó jókòó sinmi, ó sún mọ́ mi débi pé mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó wo ọ̀dọ̀ mi, mo sì mọ̀ pé kò rí mi. Aago lù, ó dìde. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu: ó dìde. Kò sẹ́ni tó tì í. Mo ronú nípa gbogbo àwọn tó ń fẹnu ja ìjà lábẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì, mo sì mọ̀ pé asọ̀rọ̀mágbèsì kì í gbé ìró yẹn délé.

Nígbà tí wọ́n na ọwọ́ rẹ̀ sókè pé òun ló borí, orí àga ni mo ti rí Bàbá Gàní, wọ́n ń pariwo pé ọmọ ilé wa ni, ọmọ ilé wa ni, títí ohùn wọn fi há. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ. "Àwọn akànṣẹ́ ń jìyà fún owó yẹn o, Sìdí."

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Múfú fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ra ọkọ̀, ó kọ́ ilé alájà ní Surulere, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e lójú títì. Èmi náà jáde ní yunifásítì, mo ṣe agùnbánirọ̀ tán, mo sì gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Yaba. Bí a bá ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa sọ pé olójúkòkòrò ni, pé ibi tí owó bá wà nìkan ló ti ń jà. Mo máa ń bá wọn jiyàn. Mi ò sọ pé Bàbá Gàní kò rí òótọ́ kan sọ lọ́jọ́ yẹn. Orílẹ̀-èdè kì í ṣe kọ́sítọ́mà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá èmi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ yìí, tí wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi fẹ́ ẹ, mo ní mo fẹ́ sin ìlú. Owó oṣù ni mo fẹ́. Mo sì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn. Ọmọ tó wà lábẹ́ tábìlì rò pé bí òun bá dàgbà, òun náà á lè sọ ohun tí òun fẹ́ jáde. Mo ti dàgbà. Mi ò tíì lè sọ ọ́.

Sátidé tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n Múfú yà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ti lọ kírun. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ṣì mọ iṣẹ́. Kò rí òwú fi sójú abẹ́rẹ́. Ó tẹ orí sí i, ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun fi sí i. Mo bi í léèrè títí ó fi jẹ́wọ́. Ojú òsì rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn láti bí oṣù mélòó kan, ó ní bí ẹni ń wo inú omi ìfọṣọ ló rí. Ìjà kan sì wà níwájú lókè òkun, èyí tí owó rẹ̀ àti òkìkí rẹ̀ ju gbogbo ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò tíì sọ fún dókítà kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún ń wá?" ni mo bi í.

"Mo ṣì fẹ́ ẹ ni, Sìdí. Má sọ fún Ọ̀gá."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n Múfú kò kọ ọ̀rọ̀ sí Bàbá lẹ́nu rí. Bí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á ní kó má lọ, kò sì ní lọ. A jẹ́ pé èmi tí n ò lè sọ ohun tí mo fẹ́ ni mo gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ó lè fọ́jú. Ẹ má ṣì mí gbọ́: mi ò ka owó àti òkìkí tó ń wá sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, mi ò sì ní kà á. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Oṣù tó ń bọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Múfú ń rìnrìn àjò lọ síbi ìjà náà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ wọn láti inú yàrá. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n dìde lọ bá wọn ni, àbí kí n jókòó?