Kọ́tìnnì Ẹ̀yìn Fọ́tò

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan ní Sùúrùlérè, tí wọ́n fẹ́ fi ìbò gba ohun tó jẹ́ ti àwọn ará abúlé wa níṣojú wa. Mo ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa nítorí mo gbọ́ tí ẹ ń sọ pé alága wa àtijọ́ kò ṣe nǹkan burúkú kan.

Aránṣọ ni mí ní Muṣin. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ aránṣọ rí, a sì ti jọ da iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí owó ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà n kì í tètè gba ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín jù gbọ́.

Owó ìrànwọ́ kan ló jáde láti ọ̀dọ̀ àjọ kan fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ agbègbè wa lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn yóò fi ra irinṣẹ́ fún wọn, wọn yóò sì tún kọ́ wọn níṣẹ́ sí i. Inú mi dùn nítorí Sàlámátù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Abúlé lòun padà sí. Ọmọbìnrin mẹ́fà ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí maṣíìnì kan ṣoṣo tó ti gbó. Bí ìyẹn bá kú, àwọn ọmọ náà á tú ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Èkó ni wọ́n ní kó mú orúkọ wá. Ìdí tó fi jẹ́ Èkó ni wọ́n ti ń yan ará abúlé kò yé mi títí dòní.

Lọ́jọ́ ìbò náà, alága lẹ orúkọ ogún èèyàn mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, pẹ̀lú fọ́tò pélébé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo wá Sàlámátù lẹ́ẹ̀kan, mo wá a lẹ́ẹ̀kejì, kò sí níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá ṣàkíyèsí ẹ̀yìn àwọn fọ́tò náà. Kọ́tìnnì búlúù kan náà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ojú ibi tí wọ́n ti fi òwú búlúù àti funfun lẹ̀ ẹ́ sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká. Mo mọ̀ ọ́n. Ayafọ́tò kan ní Ọ̀yìngbò ló gbé kọ́tìnnì yẹn wá fún mi nígbà tó fàya. Òwú búlúù tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo fi funfun parí rẹ̀.

"Àwọn tó bá fara mọ́ ọn, ẹ nawọ́," ni alága wí.

Ọwọ́ ti ń lọ sókè nígbà tí mo dìde. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, níbo làwọn èèyàn yìí ti ya fọ́tò?"

"Abúlé ni, Àǹtí Mojí. Níbo ni wọn ì bá tún ti yà á?"

"Ṣé kọ́tìnnì tí mo lẹ̀ ní Muṣin ló wọ bọ́ọ̀sì lọ sábúlé?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, wàhálà yín ti pọ̀ jù jàre. Ṣé kọ́tìnnì ò lè jọra ni?"

"Kọ́tìnnì lè jọra. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú téèpù mi lọ́rùn. Aránṣọ méjì dìde tẹ̀ lé mi, lẹ́yìn náà oníbàtà kan, lẹ́yìn náà gbogbo ìlà ẹ̀yìn. A ní ẹnikẹ́ni ò ní dìbò títí ayafọ́tò tí mo pè lórí fóònù á fi dé. Nígbà tó dé láti Ọ̀yìngbò, kò wo ojú alága rárá. "Àwọn ọmọ Sùúrùlérè ni. Alága ló kó wọn wá."

Bí ìbò náà ṣe dàrú nìyẹn. A kọ̀wé sí àwọn tó ń fúnni lówó, wọ́n sì fagi lé gbogbo rẹ̀ fún agbègbè wa. Lọ́jọ́ tí èsì wọn dé, orin la kọ lọ sílé. Mo pe Sàlámátù kó lè bá mi yọ̀.

Ó bi mí pé, "Mojí, ṣé wọ́n á wá fún wa báyìí?"

"Àwọn olè yẹn ò rí i gbà."

"Èmi náà ò rí i gbà," ló fèsì.

Maṣíìnì náà kú kí ọdún tó parí. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà lọ. N kò kábàámọ̀ pé mo dìde lọ́jọ́ náà. Orin tí a kọ lọ sílé ló ń dùn mí, nítorí kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó kù tí a ó ṣe. A borí alága, ṣùgbọ́n a ṣì jẹ Sàlámátù ní gbèsè.

Owó náà tún ti jáde lọ́dún yìí. Alága tuntun, ẹlẹ́nu dídùn, sọ fún mi pé Sàlámátù ni àkọ́kọ́ lórí ìwé. Mo ní kí Sàlámátù fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ná, kí wọ́n má bàa tún fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ó wọlé sórí fóònù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ̀ ẹ́, mo sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ tààrà: ògiri amọ̀, ọmọbìnrin méjì tó ń fọwọ́ ká etí aṣọ, maṣíìnì tí wọ́n fi ìró bò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí wo ojú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti darúgbó.