Igbó Tí Ìyá Abẹ́rẹ́ Rán

Àbúrò ìyá mi ni Ìyá Abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, bẹ́ǹṣì kan àti fèrèsé kan ló wà nínú yàrá tí a ti jọ ń ránṣọ. Láti ojú fèrèsé yẹn la ti ń wo igbó tí àwọn baba ńlá wa ti ń ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa pe ara rẹ̀ ní ìjọba. Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ò wọ inú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó yọ̀ ṣubú lórí àpáta odò àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kán, wọn ò sì tò ó dáadáa. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ọ̀pá rìn. Ẹsẹ̀ ló yarọ o, ẹnu ò yarọ.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ agégẹdú kan fẹ́ gé igbó náà lulẹ̀, wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ lọ sí kóòtù. Igbó wa funfun báláú lórí rẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lò ó, kò sẹ́ni tó mọ inú rẹ̀. Adájọ́ ní kí àwa náà mú àwòrán tiwa wá. Àwọn aṣọ́gbó wa mọ igbó yìí bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́n yà. Ìyá Abẹ́rẹ́ bá tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa sọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́wàá gbáko! Bí wọ́n bá ti igbó dé, orí bẹ́ǹṣì wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ jókòó sí. Wọ́n á sọ iye ìṣísẹ̀ tí wọ́n rìn, òun á máa rán an. Ogún ìṣísẹ̀, á gún abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Òwú búlúù ni omi, òwú pupa ni àpáta. Bí iye tí ẹni méjì mú wá ò bá dọ́gba, á tú òwú náà, á ní kí wọ́n padà lọ kà á.

"Ẹ má fi ìmẹ́lẹ́ yín ba aṣọ mi jẹ́ o."

Àwọn ọkùnrin tí ejò ò lè dẹ́rù bà, obìnrin yìí ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ní kóòtù, awọnlẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà wo aṣọ wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òkè kékeré kan gba àyè ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá lọ lórí rẹ̀.

"Olúwa mi," Ìyá Abẹ́rẹ́ ní, "ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lójú títì ni wọ́n ṣe gbé e nígbà tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn yín láàárọ̀ yìí?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, títí kan ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ́yà wọn dìde, ó bi í pé ìgbà mélòó ló ti wọ igbó ọ̀hún.

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà. Mi ò kọjá odò àkọ́kọ́."

Ẹ̀rín bá tán. Lọ́yà ní ọ̀rọ̀ wọ́n-ní-wọ́n-ní lásán ni aṣọ náà. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní gbogbo wa máa wọ igbó náà lọ́jọ́rú. Àwọn aṣọ́gbó ò ní tẹ̀ lé wa, Ìyá Abẹ́rẹ́ àti aṣọ rẹ̀ ni yóò mú wa dé àárín igbó. "Bí aṣọ yìí bá ṣì wá lọ́nà, mo máa dà á nù, ilé-iṣẹ́ yìí á sì máa gé igi wọn lọ."

A pé mọ́kànlá. Èmi tí mò ń bẹ̀rù aláǹgbá ni mo gbé aṣọ tẹ̀ lé e. Akọ̀wé kóòtù, oníkùn ńlá kan, ló ń ka ìṣísẹ̀ sókè. Ìyá Abẹ́rẹ́ ń fi ìka tọ òwú, ọ̀pá rẹ̀ ń kan ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjòjì a tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Ojú mi rí i lọ́jọ́ yẹn.

"Ogójì ìṣísẹ̀ sí i, odò kan á wà lọ́wọ́ òsì."

Awọnlẹ̀ wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí odò níbí, mà. Àwòrán tí wọ́n yà látinú bàlúù ò fi odò kankan hàn."

Akọ̀wé kà á dé méjìdínlógójì, awọnlẹ̀ bá tẹ inú omi, ó kún bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ewé tó bo odò náà lókè ni ò jẹ́ kí bàlúù rí i. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

A ń wọlé sí i. Àpáta tó wí, a bá a níbẹ̀. Odò tó wí, ó ń ṣàn. Obìnrin tí kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ igbó ńlá yìí bíi yàrá ara rẹ̀! Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, èmi tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ní àárín igbó, bọ́tìnnì kan ló wà lórí aṣọ. Igi ni. Àwọn aṣọ́gbó ti sọ fún un pé, "Igi kan wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ la ti ń sinmi." Ó já bọ́tìnnì ara ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, ó rán an mọ́ ibẹ̀.

Akọ̀wé ní, "Ogún." A gbójú sókè.

Mo kọ́kọ́ rò pé ògiri ni. Gbòǹgbò rẹ̀ ga ju adájọ́ lọ. Mo wòkè títí ọrùn fi ń dùn mí, mi ò rí orí rẹ̀, àwọn ẹyẹ sì ń fò lábẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ bí eṣinṣin. Adájọ́ ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó ní ká ṣe é, a kàn di ọwọ́ ara wa mú láti yí i ká, lọ́yà wọn di tèmi mú. Àwa mẹ́wàá, ọwọ́ wa ò ká a.

Ìgbà náà la gbọ́ ẹkún. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti jókòó sórí gbòǹgbò kan.

"Olúwa mi, aṣọ mi parọ́."

Lọ́yà fi ọwọ́ mi sílẹ̀ kíá. "Ẹ gbọ́ o, Olúwa mi! Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́."

"Bọ́tìnnì!" Ìyá Abẹ́rẹ́ ń na ọ̀pá sí igi náà. "Bọ́tìnnì ni mo fi ṣe èyí! Àwọn ọkùnrin burúkú yẹn, igi kan ni wọ́n pè é fún mi. Igi kan!"

Lọ́yà tún wo igi náà, ó sì padà wá di ọwọ́ mi mú.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ kà á pé àwòrán wa tọ̀nà níbi gbogbo àfi ibì kan, ẹni tó rán an ló sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó ní ẹni tí kò ni igbó kì í sunkún nítorí bọ́tìnnì. Ilé-iṣẹ́ náà ò gbọdọ̀ já ewé kan níbẹ̀.

Aṣọ náà ti padà sára ògiri yàrá wa. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti tú bọ́tìnnì yẹn kúrò. Ó wá ohun tó máa fi dípò rẹ̀ títí, kò rí. Ojú ihò abẹ́rẹ́ mẹ́rin péré ló kù níbẹ̀. Bí àlejò bá bi í pé kí ló wà láàárín, kì í ṣàlàyé mọ́, nítorí ìròyìn ò tó àfojúbà. Á fi ọ̀pá tọ́ka sí ojú fèrèsé, á ní, "Ó wà níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó."