Bí Mo Ṣe Ṣọ́ Àyè Òfìfo Inú Rédíò

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú, èmi náà ní ohun tí mo fi ń ṣe fáàrí: rédíò oníṣọ́ọ̀tì-wéfù kan, tó tóbi bíi páálí búrẹ́dì, tí wáyà rẹ̀ gùn láti ojú fèrèsé dé orí igi ìbẹ́pẹ. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Bí mo bá dé géètì ilé-iṣẹ́ ìṣó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó, àwọn tó ń dúró wọṣẹ́ á ti pariwo: "Bàbá oníròyìn, kí ló ṣẹlẹ̀ láyé?" N ó káwọ́ sẹ́yìn, n ó wúkọ́, gbogbo wọn á dákẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà o, àmọ́ ní géètì yẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí.

Àfi lọ́jọ́ kan tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà ní àwọn ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìgbì tí mo fi ń gbọ́ wọn mọ́ tó bá ti di Sátidé, pé orí fóònù làwọn ń lọ. Fóònù tèmi, tọ́ọ̀ṣì nìkan ló mọ̀ ọ́n tàn.

Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì: "Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

"Á ṣófo ni, Bàbá. Bóyá ìjọba á fún ẹlòmíì."

"Ẹlòmíì bíi ta ni?"

"Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ ẹ."

Kò mọ ohun tó sọ. Ní Ọ̀tà wa yìí, ilẹ̀ tó ṣófo lánàá, ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lórí ẹ̀ lónìí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní gbohùngbohùn mẹ́rin, ọ̀kan kọjú sí fèrèsé mi gangan. Báwọn wọ̀nyí bá tún gba àyè yẹn, inú rédíò mi ni wọ́n á ti máa ké.

Báwo la ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀ níbí? A máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, tàbí ká da yanrìn tírípù kan síbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó lólóhun. Nígbà tó di Sátidé, èmi náà tan rédíò sójú àyè òfìfo yẹn, mo yí ohùn rẹ̀ dópin. Ṣàà, ṣàà, láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìyàwó mi ní, "Baálé mi, ṣé àkàrà lẹ̀ ń dín ní yàrá ni?"

Ní géètì, n ò ní ìròyìn kankan mọ́, mo bá purọ́ pé ọ̀fun ń dùn mí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé mi wá kanlẹ̀kùn. Ó mú ìwé kan dání. Mo ní ó ti wá wọn ilẹ̀ nìyẹn.

"Pásítọ̀, kì í ṣe títà o!"

"Kí ni kì í ṣe títà, Bàbá?"

Mo nawọ́ sí rédíò.

"Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn, òun náà la kọ sínú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ariwo yín ń dí wa lọ́wọ́ àdúrà."

Mo wo gbohùngbohùn mẹ́rin. Mo wo pásítọ̀. Òun náà wò wọ́n, ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ọkàn mi padà sáyè. "Bí mo bá pa tèmi, tiyín ńkọ́?"

"Ó dáa, Bàbá. A ó yí èyí tó kọjú sí yín síbòmíì."

Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti yí i sójú títì. Mo pa rédíò. Ẹni tó bá wù ú, kó gba àyè ọ̀hún.

Lọ́jọ́ kejì ní géètì: "Bàbá oníròyìn, ọ̀fun ti san? Kí ló ṣẹlẹ̀ láyé?"

Mo wúkọ́. "Ṣọ́ọ̀ṣì yí gbohùngbohùn kúrò lójú fèrèsé mi."

"Irọ́!" ni gbogbo wọn ké pọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ogun àti ìdìbò ilẹ̀ òkèèrè, ẹnikẹ́ni ò pariwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ròyìn bí ariwo rédíò ọlọ́jọ́ mẹ́ta ṣe gbé pásítọ̀ wá sílé mi. Ọkùnrin kan tó ń ti Ìtẹlẹ̀ wá rọra fà mí lápá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní rédíò yẹn fọ́jọ́ mẹ́ta péré. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, gbohùngbohùn mẹ́fà ló ní."